Ẹsẹ̀ Tuntun fún Mọ́tò Pupa

Orí mi wà nínú àgbá omi òjò. Ọjọ́ Sátidé kan ni, òjò àkọ́rọ̀ ti ń ṣú, mo sì fẹ́ fọ ẹrẹ̀ àti ewé ọdún tó kọjá kúrò nídìí àgbá kí òjò tuntun tó bọ́ sínú rẹ̀. Mo dá àgbá náà dùbúlẹ̀ sórí koríko lẹ́yìn ilé, mo ki orí àti èjìká méjèèjì bọ inú rẹ̀, mo ń fi kànìnkànìn ha ìdí rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ ohùn ọkọ mi lẹ́yìn mi.

"Mọ́mì, ẹsẹ̀ mọ́tò yẹn, ṣé ó ṣeé rẹ̀ sílẹ̀?"

Mo yọ orí jáde. "Kí lẹ wí, Dádì?"

"Mọ́tò ẹ. Ṣebí o ní ṣọ́ọ̀kì ẹ̀ ti kú? Tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀, ṣé wọ́n lè ṣe é kó wálẹ̀, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fara nulẹ̀?"

Omi ń kán láti etí mi. Ìbéèrè náà kọ́ ló yà mí lẹ́nu, ẹni tó bi mí ni. Láti ìgbà tí mo ti ra mọ́tò náà, ọkọ mi kò bi mí ní nǹkan kan nípa rẹ̀ rí ju pé ṣé epo wà nínú rẹ̀. Àga onítáyà ni wọ́n ń pè é. Wọ́n a máa sọ pé ọkọ̀ tí kò lè gbé àpò ẹ̀gẹ́ kan kì í ṣe ọkọ̀.

Ìrókò là ń gbé nígbà náà, nínú ilé tí bàbá ọkọ mi fi sílẹ̀ fún wọn. Tíṣà ni ọkọ mi ní ilé-ìwé girama ìjọ. Nígbà tí owó oṣù tíṣà kò dé déédéé mọ́, wọ́n dá oko ẹ̀gẹ́ sọ́nà Ìjàyè, oko náà sì so dáadáa. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọkọ̀ kì í fẹ́ wọ ojú ọ̀nà rẹ̀ lásìkò òjò, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá ti wú a máa jókòó síbẹ̀ títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Èmi ń ṣe iṣẹ́ táípíìsì ní iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn kan nítòsí Mọ́níyà. Kí n tó ní mọ́tò, ẹ̀bá títì ni mo ti máa ń nawọ́ láàárọ̀ sí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó ẹ̀gẹ́ lọ sí ìlú. Bí n bá fi máa dé ibi iṣẹ́, ẹ̀yìn síkẹ́ẹ̀tì mi á ti funfun fún oje ẹ̀gẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà dè mí. "Ìyá, lẹ́tà lẹ wá tẹ̀ ni, àbí gàrí lẹ wá tà?" Gbogbo ọ́fíìsì á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, n óò sì lọ fi omi nu síkẹ́ẹ̀tì mi.

Nígbà tí òyìnbó kan lára àwọn olùwádìí wa fẹ́ padà sílùú rẹ̀, ó ní òun yóò ta mọ́tò òun fún òṣìṣẹ́ tí ìbò bá mú. Èmi ni ìbò mú. Mọ́tò pupa, ilẹ̀kùn méjì, imú kúkúrú, ẹ́ńjìnnì tó lágbára ju ara rẹ̀ lọ. Mọ́tò ọ̀dọ́ ni. Mo ti lé ní ogójì ọdún, mo sì jẹ́ ẹni tí àwọn ènìyàn ń sọ pé kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá dé ojú títì tó tẹ́jú, tí mo tẹ iná mọ́ ọn, ó máa ń dà bíi pé ẹlòmíràn ló ń wa mọ́tò náà. Láàrin ilé àti ibi iṣẹ́, kò sí ẹni tó lè pè mí, kò sí ẹni tó lè rán mi níṣẹ́. N kò ní ibòmíràn tó rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tọ́jú rẹ̀ bí ojú.

Orúkọ ọkọ mi ni mo ní kí wọ́n kọ sínú ìwé mọ́tò. Ọkọ mi kò ní kí n ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni àwa obìnrin tó bá ra mọ́tò ṣe máa ń ṣe ládùúgbò wa nígbà yẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ìyàwó ti ga ju ọkọ lọ. Lọ́jọ́ Àìkú tí a gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ìdúpẹ́, ọkọ mi ló gbé kọ́kọ́rọ́ sókè níwájú ìjọ, èmi dúró lẹ́yìn wọn, mo ń kọrin. "Mọ́tò tíṣà" ni gbogbo Ìrókò ń pè é. Kò dùn mí rárá. Mo mọ àpò ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ń gbé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣàárẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kú. Bí mo bá bọ́ sí kòtò, imú rẹ̀ á forí gbálẹ̀, á sì máa mì lọ bí ọkọ̀ ojú omi. Bí mo bá gba kọ́nà, á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí ẹrù orí rẹ̀ fẹ́ já. Ọ̀gá mẹkáníìkì mi ní Mọ́níyà, ọkùnrin kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó dáhùn ọ̀rọ̀, ní kí n jẹ́ kí òun ra tòkunbọ̀ èyíkéyìí sí i. Mo bi í pé bí mo bá ń sáré lójú títì ńkọ́? Ó ní òun á gé sípíríǹgì rẹ̀ kúrú, bí àwọn ọmọ ìgboro ṣe ń ṣe, kó lè máa di títì mú. Mo ní sípíríǹgì tí a bá gé kì í hù padà. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí ọkọ mi bá mi nídìí àgbá.

Nítorí náà mo dáhùn pé, "Ó ṣeé rẹ̀ sílẹ̀, sà, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí wọ́n gé e. Irú kan wà tó ṣeé yí."

"Ó ṣeé yí báwo?"

Lẹ́yìn oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, mo tú bírò kan, mo yọ sípíríǹgì inú rẹ̀ lé orí tábìlì. "Èyí ló ń gbé mọ́tò dúró. Ẹ wò ó, bí mo bá tẹ̀ ẹ́ tí mo fi í sílẹ̀, á fò. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ni láti dì í mú kó má fò jù. Èyí tí mo ń wí yìí, òrùka onírin wà lára rẹ̀ tí sípíríǹgì jókòó lé. Bí ẹ bá yí òrùka yẹn sókè, mọ́tò á ga. Bí ẹ bá yí i sílẹ̀, mọ́tò á wálẹ̀. Kókó kékeré kan tún wà lórí rẹ̀ téńté, òun la fi ń mú un le tàbí kó rọ̀."

"Ẹni tó bá fẹ́ kó ga, á ga fún un. Ẹni tó bá fẹ́ kó wálẹ̀, á wálẹ̀ fún un."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Láìgé nǹkan kan."

"Láìgé nǹkan kan," wọ́n tún un sọ, bí ọmọ ilé-ìwé tó ń há ẹsẹ̀ Bíbélì sórí.

Láti ọjọ́ náà, wọn kì í jẹ́ kí ìrọ̀lẹ́ kọjá kí wọ́n tó mú ọ̀rọ̀ náà wá. Wọ́n á béèrè bóyá ó máa ń tètè dípẹtà. Wọ́n á béèrè bóyá táyà kò ní máa ha ara rẹ̀ bí mọ́tò bá wálẹ̀ jù. Bí n kò bá mọ̀ ọ́n, mo máa ń lọ bi àwọn awakọ̀ iléeṣẹ́ wa, mo sì máa ń gbé ìdáhùn bọ̀ wálé bí ẹni tó ra nǹkan bọ̀ láti ọjà. Kí n sọ òótọ́, inú mi dùn. Ó ti pẹ́ tí a ti jọ sọ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti òrùlé tó ń jò tàbí ti ilé-ìwé àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ wa ti wà nílé-ìwé tí wọ́n ń gbé ibẹ̀ nígbà yẹn, ilé dákẹ́, ọkọ mi sì jókòó síwájú mi, wọ́n ń wo sípíríǹgì bírò lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í se ọbẹ̀ wọn dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nígbà tí ó tó àkókò láti lọ rà á ní Gẹ́ètì, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ọkọ mi ní àwọn á bá mi lọ.

Ọmọkùnrin tó ń tajà náà wo ọkọ mi, ó wò mí. "Ẹ káàbọ̀ o, Bàbá. Mọ́tò yín ńkọ́?"

"Ti ìyàwó mi ni," ni ọkọ mi wí. "Òun ni kí o bá sọ̀rọ̀. Òun ló mọ ohun tó fẹ́."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ ọ lẹ́nu wọn ní gbangba nìyẹn. Ojú tì mí, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọjà tó wà nílẹ̀ kí wọ́n má baà rí i.

Ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀kì tó ṣeé yí tó wà níbẹ̀ jẹ́ méjì. Èyí tí ọmọ náà ń polówó jẹ́ ti àwọn tó ń sá eré ìje. Ó dán, sípíríǹgì rẹ̀ kúrú, ó sì le bí òkúta. Mo tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára mi, kò mira. Mo mọ̀ pé bí mo bá fi èyí wọ ojú ọ̀nà Ìrókò, ẹ̀yìn mi yóò ti kú kí òjò ọdún náà tó dá. Ìkejì kò lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀. Sípíríǹgì rẹ̀ gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ga tó láti la kòtò kọjá, ó sì lè wálẹ̀ fún ojú títì. Mo fi ìka nu ara ọ̀pá rẹ̀ bóyá epo ń jò. Mo yí òrùka rẹ̀ láti ìdí dé orí bóyá ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Mo yí kókó orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mo ń tẹ́tí sí i bóyá gbogbo wọn ń dún bákan náà. Mo gbé ọ̀kan sí imú, kí n mọ̀ bóyá epo inú rẹ̀ ti jóná.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà," ni ọmọ náà wí, "ṣọ́ọ̀kì ni o, kì í ṣe ẹja tútù. Ẹ má gbóòórùn ẹ̀ tán."

"Bó bá jẹ́ ẹja ni, òórùn ẹ̀ ì bá ti lé ìwọ náà sá," ni mo dá a lóhùn. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú.

Mo sọ fún ọmọ náà pé ìkejì ni mo fẹ́, nítorí mọ́tò tí mo ń wà lójoojúmọ́ ni, kì í ṣe èyí tí mo ń fi sá eré ìje. Ọkọ mi gbé ọ̀kan, wọ́n yí i lọ, wọ́n yí i bọ̀.

"Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá ní òun fẹ́ kó wálẹ̀ gan-an ńkọ́? Ṣé èyí tí ìyàwó mi mú yìí á lè ṣe é?"

"Háà, Bàbá! Ẹ̀yin náà tún fẹ́ di ọmọ ìgboro!"

Gbogbo àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù.

"Ó máa wálẹ̀ fún un dáadáa, sà," ni ọmọ náà wá sọ.

Ọkọ mi yíjú sí mi. "Èyí tó bá tẹ́ ọ lọ́rùn ni kí o mú. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yàn án fún ẹ."

Ọ̀gá mẹkáníìkì kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́jọ́ tó ń dè é mọ́ mọ́tò. Mo dúró tì í láti ìgbà tó ti fi jáàkì gbé e sókè títí tó fi sọ ọ́ kalẹ̀. Mo ti mú tépù ìránṣọ wá láti ilé. Mo wọn ẹnu irin tó bo táyà sí ilẹ̀ lápá ọ̀tún, mo wọn ti òsì, mo ní kó yí òrùka títí méjèèjì fi dọ́gba. Ó ṣe é láìjiyàn, ó sì yà mí lẹ́nu, nítorí ó fẹ́ràn àríyànjiyàn.

Mo sọ fún un pé, "Títí n óò fi fẹ̀yìn tì ni n óò máa wa mọ́tò yìí báyìí."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá sípánà tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Mo mú un rọ̀ díẹ̀, mo sì fi í sílẹ̀ ní gíga fún àsìkò òjò. Bí mo ṣe ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ náà, mo mọ̀ pé mo yàn án re. Ó ń wọ kòtò, ó ń jáde, kò forí gbálẹ̀. Ní kọ́nà tó wà ṣáájú Ìrókò, èyí tí mo máa ń tẹ bíréèkì fún tẹ́lẹ̀, mo gbà á bí mo ṣe ń bọ̀, mọ́tò náà kò fì. Mo kọrin délé.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ mi ní kí n jẹ́ kí àwọn rí i bó ṣe máa rí tó bá wálẹ̀. Mo rò pé wọ́n fẹ́ bá mi ṣeré ni. Mo gbé aṣọ àtijọ́ kan sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ sí i, mo sì fi sípánà oníkọ̀ọ́ tó bá a wá yí òrùka ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. N kò tíì parí ti ẹ̀yìn nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé. Ọkọ mi ní ọmọ tí àwọn kọ́ níwèé nígbà kan ni, àdúgbò Adégbàyí ló ń gbé báyìí, ó ní kí òun yà wá kí àwọn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi. Mo fún un ní mínírà àti bisikíìtì. Ó yí mọ́tò náà po, ó lóṣòó, ó wo abẹ́ rẹ̀.

"Mà, ó wálẹ̀ o! Ó mà wálẹ̀ gan-an o!"

"Ó tún lè le ju báyìí lọ," ni mo wí, mo sì fi kókó orí rẹ̀ hàn án. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń yí i. Mo sọ fún un pé kó máa yí ti ọ̀tún àti ti òsì bákan náà, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́tò á máa fa ẹni sí ẹ̀gbẹ́. Mo jẹ́ kó jókòó sídìí ọkọ̀. Ọkọ mi dúró lábẹ́ igi ọ̀sàn, wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń wò wá.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ, nítorí kò jìnnà. Nígbà tí mo padà dé, píkọ́ọ̀pù kan tó ní àwọ̀ eérú ló dúró síbi tí mo máa ń gbé mọ́tò sí, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ gbogbo táyà rẹ̀. Mo rò pé àlejò ni a ní. Lẹ́yìn náà ni mo rí páálí kan lórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Agbòjò mi wà nínú rẹ̀, àti ìwé orin mi, àti ìrọ̀rí tí mo máa ń jókòó lé, àti bàtà pẹlẹbẹ tí mo máa ń wọ̀ bí mo bá ń wa mọ́tò. Ẹnì kan ti tò wọ́n síbẹ̀ dáadáa.

Ọkọ mi jókòó sí fàráńdà.

"Dádì, mọ́tò mi dà?"

"Jókòó ná."

"Mo fẹ́ dúró, sà. Mọ́tò mi dà?"

"Ó ti lọ sí Adégbàyí. Ọmọ tó wá síbí lọ́jọ́sí, èmi àti ẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀. Ó gba mọ́tò, ó fún wa ní píkọ́ọ̀pù. Píkọ́ọ̀pù gidi ni, Mọ́mì. Mo ti gbé e dé oko láàárọ̀ yìí, kò rì."

"Ó fún wa?"

"Ìwọ náà ṣáà mọ bí ẹ̀gẹ́ ṣe ń rà lóko. Ọkọ̀ tó máa wúlò fún gbogbo ilé la nílò. Èmi á máa gbé ẹ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Wàá jókòó síwájú."

"Èmi ni mo ra mọ́tò yẹn."

"Ta ló ní ìwọ kọ́? Ṣùgbọ́n orúkọ ta ló wà nínú ìwé ẹ̀?" Wọn kò pariwo. Bí wọ́n ṣe máa ń bi àwọn ọmọ kíláàsì ní ìbéèrè tí gbogbo wọn ti mọ ìdáhùn rẹ̀ ni wọ́n ṣe bi mí.

Mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni àwọn àti ọmọ náà ti sọ ọ́.

"Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ó ti rí mọ́tò yẹn lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ó ní òun fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n òun ò gba mọ́tò tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ti kú. Ó ní tó bá jẹ́ pé ṣọ́ọ̀kì tó ṣeé yí ni a fi sí i, òun á gbé píkọ́ọ̀pù òun wá."

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà ni mo wá to gbogbo rẹ̀ padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè tí wọ́n bi mí nídìí àgbá, ìbéèrè ọmọ tó gba mọ́tò ni. Ọ̀rọ̀ ìpẹtà, ọ̀rọ̀ táyà tó ń ha ara rẹ̀, tirẹ̀ ni. Ọkọ mi ń gbé ìbéèrè rẹ̀ wá bá mi nírọ̀lẹ́, wọ́n sì ń gbé ìdáhùn mi lọ fún un. "Ti ìyàwó mi ni" tí wọ́n wí ní Gẹ́ètì, tí ojú fi tì mí bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, kí ọlọ́jà lè jẹ́ kí n yẹ ọjà náà wò fínnífínní ni. Mọ́tò náà dùn mí, n kò ní purọ́. Mo padà sí ẹni tí wọ́n ń gbé lọ tí wọ́n ń gbé bọ̀, àwọn ará ọ́fíìsì sì tún ní ohun tí wọn yóò máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìrọ̀lẹ́ yẹn ló dùn mí jù. Mo rò pé èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

N kò sunkún. Mo gbé páálí náà, mo gbá a mọ́ra, mo sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo tó kù.

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi, Dádì? Kí ló dé tí ẹ jẹ́ kí n máa yàn án bí ẹni pé èmi ni n óò máa wà á?"

Wọ́n wo píkọ́ọ̀pù, wọ́n tún wò mí. Kò sí ìbínú lójú wọn. Mo rò pé wọ́n tilẹ̀ fẹ́ yìn mí ni.

"Mọ́mì, bí mo bá ti sọ fún ẹ, ṣé wàá yàn án dáadáa tó báyẹn?"